Ta Ló Mọ Sendangwuni?

Kulthum kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí alápatà bá ní àárọ̀ òní ni wọ́n pa ẹran òun, yóò fi ìka tẹ̀ ẹ́, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò sì tún lọ wo ti ẹlòmíràn kó tó padà wá rà á. Bí Abdulghani ọkọ rẹ̀ bá ní Jẹ́dà ni òun ti ń bọ̀, yóò kọ́kọ́ yọjú wo eruku tó wà lára táyà ọkọ̀ rẹ̀ kó tó bu oúnjẹ fún un. Kì í ṣe pé ó burú. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Bàbá bàbá rẹ̀ ló fi Ìwó sílẹ̀, tó fẹsẹ̀ rìn, tó wọkọ̀ ojú omi, tó dé Mẹ́kà tí kò sì padà mọ́. Ẹni tó bá sì ti ṣe àlejò láti ìran dé ìran, ojú rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀gbẹ́ òkè ní Àl-Hujun, àdúgbò kan ní Mẹ́kà, ni ilé wọn wà, ilé alájà mẹ́ta tí etí àtẹ̀gùn rẹ̀ ti jẹ. Bí oṣù Ààwẹ̀ bá dé, tàbí tí Hájì bá sún mọ́, àwọn àlejò láti Ìwó, Ìlọrin àti Ìsẹ́yìn á kún inú yàrá bámúbámú, Kulthum á sì máa se oúnjẹ fún wọn. Ní ọdún 1995, orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, àtẹ̀gùn wá di ogun fún un. Nígbà náà ni Abdulghani, tó ń wa ọkọ̀ akérò láàárín Mẹ́kà àti Jẹ́dà, mú obìnrin kan bọ̀ láti Al-Balad ní Jẹ́dà, níbi tó ti ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ kan.

"Ìyá Salih, wo ẹni tí yóò máa bá ọ gun àtẹ̀gùn," ni ó wí.

Kulthum wò ó láti òkè délẹ̀. Obìnrin kékeré ni, kò tíì pé ogójì ọdún, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bíi ti ọkùnrin. Wagirah ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Jáwà ní ilẹ̀ Indonéṣíà. Ó ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún ìdílé kan ní Jẹ́dà. Àdéhùn wọn ti parí, ìwé ìkáámà rẹ̀ tó fi ń gbé ìlú ti kú, síbẹ̀ kò lọ sílé.

"Kí ló dé tí o kò lọ sílé?" Kulthum bi í ní èdè Lárúbáwá, torí òun nìkan ni èdè tí àwọn méjèèjì jọ gbọ́.

"Ilé wo, Màmá?" ni Wagirah dáhùn.

Kulthum kò fẹ́ràn ìdáhùn yẹn. Ẹni tí wọ́n bá bi ní ìbéèrè tó sì fi ìbéèrè dáhùn, ó ní ohun tó ń bò mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n orúnkún ń dùn ún, àwọn àlejò sì ti ń bọ̀ lọ́nà. Ó gbà á sílé.

Iṣẹ́ Wagirah mọ́. Kò sí ìgbà tí Kulthum wo abẹ́ ẹní tó bá ìdọ̀tí níbẹ̀, ó sì máa ń wò ó dáadáa. Ìyẹn náà tún ń kọ ọ́ lóminú. Obìnrin tí kì í fọ́ abọ́, tí kì í ráhùn, tí kì í dá síjà, kí ló wá wá?

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń ṣa ẹ̀wà, Kulthum ní kó sọ nípa ibi tó ti wá. Wagirah ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní Sendangwuni ni abúlé àwọn ń jẹ́, nítorí orísun omi kan tó wà lábẹ́ igi ńlá. Ó ní odò gba ẹsẹ̀ abúlé náà kọjá, oko ìrẹsì wà létí odò, ẹ̀yìn ilé sì jẹ́ òkè olókùúta tí igi gẹdú bò. Ìrẹsì kì í tó jẹ dé òpin ọdún, ẹ̀gẹ́ ni àwọn tálákà ń jẹ mọ́ ọn.

"A ó bó o, a ó sá a sórí ẹní. Tó bá gbẹ, a ó gún un, a ó jọ̀ ọ́, a ó wá fi iyẹ̀fun rẹ̀ se oúnjẹ. A máa ń kó èyí tó bá ṣẹ́kù lọ sọ́jà. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni a máa ń ná ọjà tiwa."

Ọwọ́ Kulthum dúró nínú ẹ̀wà. Ọjà ọrọọrún! Láfún! Ọ̀rọ̀ tí ìyá bàbá rẹ̀ máa ń sọ nípa Ìwó nìyẹn, òun náà sì ti sọ ọ́ fún àwọn àlàájà tó ń sùn nílé rẹ̀, tí Wagirah ń gbé àwo kọjá láàárín wọn. Àbí obìnrin yìí ń gbọ́ Yorùbá ni? Àbí ìtàn onítàn ló ń jí kó?

Ó pinnu láti dán an wò. Láìgbójú sókè, ó fi Yorùbá kígbe: "Àkekèé wà lẹ́sẹ̀ rẹ!"

Wagirah ń ṣa ẹ̀wà tirẹ̀ lọ. Kò tilẹ̀ mi ẹsẹ̀.

Ẹlòmíràn ni ọkàn rẹ̀ ì bá balẹ̀. Kulthum ní tirẹ̀ sọ nínú ara rẹ̀ pé: Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń dán òun wò ni kì í fò sókè.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọkùnrin Jáwà kan tó ń jẹ́ Darmo wá wo yàrá tí ó fẹ́ háyà fún àwọn arìnrìn-àjò Hájì tirẹ̀. Ó ti pẹ́ ní Mẹ́kà, ó ń múra dáadáa, ó gbọ́ Lárúbáwá bí ọmọ onílẹ̀. Kulthum ní kí Wagirah gbé tíì wá. Darmo sọ nǹkan fún un ní èdè wọn, Wagirah dorí kodò, ó fèsì ní ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, ó sì jáde.

"Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ mọ ibì kan létí odò ní ilẹ̀ yín, tí wọ́n ń pè ní Sendangwuni?" Kulthum béèrè.

Ọkùnrin náà da ṣúgà sínú tíì, ó ń rò ó, ó ń rò ó, kò sì tíì mu ún.

"Ìyá, ìlú mi ò jìnnà sí agbègbè yẹn. Mo mọ gbogbo abúlé tó wà létí odò náà bí mo ṣe mọ ọmọ ìka mi. Kò sí ibi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ wa, wọ́n lè sọ ohunkóhun fún yín. Ẹ ṣọ́ ilé yín o."

Ó dìde láìmu tíì rẹ̀. Kulthum rí ife tó kún náà, ó mọ̀ pé nǹkan kan kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀, ṣùgbọ́n Wagirah ni ó di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ta ní ń purọ́ orúkọ abúlé tí wọ́n bí i sí? Ẹni tó pa ènìyàn ni àbí ẹni tó jalè?

Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ ọ bí ológbò ṣe ń ṣọ́ ihò eku. Ó wá ṣàkíyèsí pé ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì, tí Wagirah bá ti gbé aṣọ lọ sá sórí òrùlé, kì í tètè sọ̀kalẹ̀. Kulthum di ògiri mú, ó fi orúnkún tó ń dùn ún gun àtẹ̀gùn dé òkè, ó sì sá pamọ́ sẹ́yìn táńkì omi.

Ohun tó rí mú kí irun ara rẹ̀ dìde. Wagirah lóṣòó sílẹ̀ ní igun kan tí ògiri òrùlé ti ṣíji bò. Ó to kóró dàbínù sílẹ̀, òmíràn ní méjì-méjì, òmíràn ní ẹyọ kan, bí ẹni ń gbin nǹkan sórí sìmẹ́ńtì. Òwú aláwọ̀ búlúù kan wọ́ kọjá láàárín wọn. Ìdérí ìgò kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú àfọ́kù ife funfun. Obìnrin náà ń fọwọ́ kan kóró kan, ètè rẹ̀ ń mì. Á tún fọwọ́ kan òmíràn, ètè rẹ̀ á tún mì.

Kulthum yọ́ sọ̀kalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tún lọ. Bákan náà ni wọ́n ṣe ń tò.

Òun nìkan kọ́ ló rí i. Hind, obìnrin ará Mẹ́kà tí òrùlé rẹ̀ kan tiwọn, pè é lójú fèrèsé.

"Ummu Salih, kí ni ọmọ Jáwà rẹ ń ṣe lókè yẹn? O ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa wọn? Oògùn ni wọ́n ń fi òkúta ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi lé tirẹ̀ lọ nítorí irú ẹ̀."

Ó yẹ kí Kulthum pa fèrèsé dé. Ju ẹnikẹ́ni lọ, òun ló yẹ kó mọ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ máa ń fọ wàláà, pátákó tí wọ́n ń kọ kéwú sí, fún àwọn ọmọ tí orí ń fọ́, á fi omi rẹ̀ pa wọ́n lórí. Àwọn aládùúgbò tó ń gbé ọmọ wọn wá ní ọ̀sán gan-an ni wọ́n ń sọ lẹ́yìn pé àwọn aláwọ̀ dúdú wọ̀nyí, oògùn ni wọ́n fi ń jẹun. Ìyá rẹ̀ sunkún títí, ó sì sin wàláà náà mọ́lẹ̀. Kulthum rántí gbogbo èyí bí ó ti dúró lójú fèrèsé. Síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ yọ̀.

"Èmi náà ti rí i. Ó ní òun wá láti abúlé kan, wọ́n ní abúlé náà kò sí."

Hind fọwọ́ bo ẹnu.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Kulthum kò sá pamọ́ mọ́. Ó lọ dúró síwájú kóró dàbínù.

"Kí nìyí, Wagirah? Má parọ́ fún mi."

Wagirah kò dìde. Ó fi ìka kan tọ́ka sí òwú búlúù. "Odò wa nìyí, Màmá." Ó tọ́ka sí ìdérí ìgò. "Mọ́sálásí wa." Ó tọ́ka sí àfọ́kù ife. "Orísun omi. Kóró kọ̀ọ̀kan, ilé kọ̀ọ̀kan ni. Èyí ni ilé ìyá mi."

Ó wá ṣàlàyé. Àwọn kan wá sí agbègbè wọn, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe dáàmù. Wọ́n ní kí gbogbo abúlé kó kúrò. Àwọn kan kó lọ. Àwọn mìíràn ní àwọn ò lọ, torí wọ́n sọ fún wọn pé omi kò ní ga dé ọ̀dọ̀ wọn. Omi ga. Ó wọ oko, ó wọ ojúde, ó gun ẹnu ọ̀nà. Wọ́n di ọparun pọ̀, wọ́n jókòó lé e lórí pẹ̀lú ewúrẹ́ àti ìkòkò. Wọ́n hú àwọn òkú kan láti lọ sin wọ́n sórí òkè. Ìyá Wagirah wà lára àwọn òkú tí ọwọ́ kò tó hú.

"Yáásìn inú Kùránì ni mò ń kà fún àwọn òkú ibẹ̀, láti ilé dé ilé. Bí n kò bá tò ó báyìí, mo máa ń fo ilé kan."

Kulthum ní, "Darmo ní òun mọ gbogbo ibẹ̀, pé kò sí Sendangwuni."

Wagirah na òwú búlúù náà tọ́. "Òótọ́ ló sọ. Kò sí níbẹ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Kulthum lára, ṣùgbọ́n kò wọ̀ ọ́ lọ́kàn tán. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, òun sì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ dídùn lè ṣe. Nígbà tó sọ ọ́ fún Abdulghani, ọkùnrin náà mí kanlẹ̀.

"Ìyá Salih, kí lo fẹ́ kí obìnrin yìí ṣe kí o tó gbà á gbọ́? Kó hú abúlé náà láti abẹ́ omi?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Bàbá Salih. N ó bi ẹlòmíràn."

Kò tíì rí ẹlòmíràn bi tí ọ̀ràn fi dé. Ó wà lójú fèrèsé ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ mìíràn nígbà tó rí ọkùnrin méjì, lára àwọn tó ń ṣọ́ ìwà àwọn ènìyàn ládùúgbò, tí wọ́n dúró nísàlẹ̀. Hind wà lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń nawọ́ sókè sí òrùlé wọn. Wagirah ti to abúlé rẹ̀ tán, ó ti sáré lọ ra búrẹ́dì kí àwọn olùrà tó pọ̀.

Kulthum kò mọ ìgbà tó dé òkè. Kò gbà gbọ́ síbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í lákòókò náà bóyá oògùn ni àbí kì í ṣe oògùn, kò ní mọ ohun tí yóò sọ. Ṣùgbọ́n ojú ìyá rẹ̀ ló ń rí. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ilé, mọ́sálásí, odò àti orísun omi sínú garawa. Nígbà tí àwọn ọkùnrin náà gòkè dé pẹ̀lú Salih ọmọ rẹ̀, ó ti jókòó, garawa wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Àlááfíà fún yín. Kí ni ẹ ń ṣe pẹ̀lú ìwọ̀nyí, Ìyá?" ni èyí àgbà nínú wọn béèrè.

"Kóró dàbínù ni. Mo fẹ́ sá a, kí n yan án, kí n lọ̀ ọ́. Wọ́n ní ó dára fún orúnkún."

Ọkùnrin náà wo garawa, ó wo igun òrùlé tó mọ́ fónífóní, ó wo orúnkún rẹ̀ tó wú. "Wọ́n ní obìnrin Jáwà kan ń ṣe nǹkan níbí."

"Obìnrin kan ń bá mi sá aṣọ. Èmi ni mo ni òrùlé. Ohun tí ẹ bá rí níbí, tèmi ni."

Wọ́n bẹ Ọlọ́run fún orúnkún rẹ̀, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀.

Wagirah dé pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná lábẹ́ apá. Ó rí igun tó ṣófo. Ó rí garawa. Ó lóṣòó, ó ti ọwọ́ bọ inú garawa, ó ń fi ìka rẹ̀ wá nǹkan láàárín kóró, òwú búlúù lọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Omi tún ti dé," ni ó wí.

Kulthum ní ẹ̀rù ba òun, ó ní àwọn tó ń ṣọ́ ìwà ènìyàn ló gòkè wá, ó ní kò sí ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó le: pé òun lòun bá Hind sọ̀rọ̀. "Dárí jì mí, àbúrò mi."

Wagirah dìde nílẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Ó se oúnjẹ, ó fọ àwo, ó sùn. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé garawa lọ sínú yàrá tí wọ́n ń kó ìrẹsì sí, ó ń gbìyànjú láti to abúlé náà padà. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiyèméjì. Kulthum dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè mú ẹnu rẹ̀ dúró.

"Rárá, méjì ló wà níbẹ̀ yẹn. Ó wà lápá ọ̀tún orísun omi. Èyí sì sún mọ́ odò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Wagirah gbójú sókè. "Báwo lẹ ṣe mọ̀, Màmá?"

Kulthum kò lè sọ fún un iye ìgbà tí òun ti dúró sẹ́yìn táńkì omi. Ó jókòó sílẹ̀ lórí àpò ìrẹsì, ó sì ń nawọ́ kóró sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ó rò pé ìfura tán níbẹ̀. Kò tán. Nígbà Hájì ọdún tó tẹ̀ lé e, tí Kulthum lọ ń se oúnjẹ fún àwọn ará Nàìjíríà nínú àgọ́ ní Mínà, tó mú Wagirah dání láti máa fọ ìkòkò, ó rí àgọ́ àwọn ọmọ Jáwà ní òdìkejì ọ̀nà. Ó yọ́ jáde. Ó ń bi àwọn tó gbọ́ Lárúbáwá pé ta ló wá láti etí odò kan báyìí báyìí, títí wọ́n fi mú un dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Mbah Tumi, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti kàwé nílé-kéwú, tó sì lè ṣe ògbufọ̀.

"Sendangwuni?" Ìyá náà gbá a lọ́wọ́ mú bí ẹni fẹ́ ṣubú. "Ta ni ẹ rí?"

"Wagirah ni ó pe ara rẹ̀."

"Wagirah ọmọ Karsi! A rò pé ó ti kú!" Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kíákíá, ọmọ rẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé e. Orí òkè ni abúlé tiwọn wà, omi kò dé ibẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá le, omi dáàmù náà á fà, orí àwọn igi àgbọn tó ti kú á sì yọ síta.

Kulthum sún mọ́ ọn. "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ mọ Darmo?"

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀, ojú ìyá arúgbó náà yí padà. "Ọmọ olórí agbègbè wa. Òun ló lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Sendangwuni. Òun ló fọkàn wọn balẹ̀ pé omi ò ní dé ọ̀dọ̀ wọn."

Kulthum rántí ife tíì tó kún. Ojú tó fi ń wo táyà ọkọ̀ àti ẹran alápatà, ojú yẹn ló rí irọ́ náà, ó sì gbé e ru ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ó mú ìyá náà lọ sẹ́yìn àgọ́ ìdáná. Wagirah bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkòkò ńlá kan, ọṣẹ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ìyá náà pe orúkọ rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì ṣe dì mọ́ra, tí wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi ọṣẹ, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sunkún, Kulthum kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó lọ ń ro ọbẹ̀ tí kò nílò rírò.

Darmo tún wá lẹ́yìn Hájì, ó ń wá yàrá fún ọdún mìíràn. Kulthum fúnra rẹ̀ ló gbé tíì fún un.

"Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ béèrè," ni ó wí. "Omi yẹn, ṣé ó dé Sendangwuni àbí kò dé?"

Ọkùnrin náà gbé ife sílẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà, Wagirah dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àwo ṣúgà. Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀, wọn kò sì rí i nínú ilé náà mọ́.

Ní 1997, ìjọba kéde pé kí àwọn tí ìwé wọn ti kú máa padà sí orílẹ̀-èdè wọn láìsí ìjìyà. Wagirah ní òun á lọ. Mbah Tumi ti sọ pé ààyè wà nílé òun. Abdulghani fi ọkọ̀ gbé wọn dé Jẹ́dà, Kulthum sì rọ omi sàmúsámù, omi mímọ́ Mẹ́kà, sínú kẹ́ẹ̀gì fún un. Kó tó fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kó máà bínú. Wagirah ní, "Màmá, ìbínú ti tán. Ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń lálàá garawa yẹn." Kulthum mọ̀ pé òtítọ́ ni.

Ọdún méjì kọjá kí arìnrìn-àjò Hájì kan láti agbègbè náà tó kan ilẹ̀kùn wọn. Ó ní Wagirah ló rán òun. Ó ní ó wà láàyè, ó ń gbé lórí òkè, ó ní ọkọ̀ ọparun kan tó fi ń pẹja lórí omi dáàmù, ó sì mọ ibi tó yẹ kó da àwọ̀n sí ju gbogbo àwọn apẹja lọ.

Kulthum di ẹnu ọ̀nà mú, kò tíì ní kó wọlé. Ó bi í bí obìnrin náà ṣe ga tó. Ó bi í bí ohùn rẹ̀ ṣe rí, àti bó ṣe máa ń dáhùn tí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè.

"Ó máa ń fi ìbéèrè dáhùn," ni ọkùnrin náà wí.

Abdulghani bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá. Kulthum sún sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó wọlé, ó sì lọ gbé omi kaná.